Nína Apá Mẹ́fà

Létí ọ̀sà ní Ẹ̀pẹ́, lẹ́yìn ibi tí wọ́n ti ń yan ẹja,
ọkọ̀ Bàbá Jinádù dojú dé sórí òkúta mẹ́ta
bí àgbàlagbà tó sùn, tí kò fẹ́ kí wọ́n jí òun.
Àwọn ayanja ti san àsansílẹ̀.
Tí wọ́n bá ti kírun Jímọ̀ tán, àáké yóò dé.
Pákó tó ti mu omi ọ̀sà fún ogún ọdún,
wọ́n ní èéfín rẹ̀ máa ń dùn lára ẹja.

Mo mú fóònù mi, mo yá téèpù Mùkáílà káfíńtà.
Nínú géèmù mi, ọkọ̀ là ń kàn:
ti ilẹ̀, ti omi, èyí tó ń fò pàápàá.
Búlọ́ọ̀kù ni pákó wa. Búlọ́ọ̀kù kan,
sẹ̀ǹtímítà mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n, kò lé, kò dín.
Mo fẹ́ kó ọkọ̀ yìí wọ ibẹ̀ kí Jímọ̀ tó pé.

“Bàbá, báwo ló ṣe gùn tó?”
“Nína apá mẹ́fà.”
“Apá ta ni?”
Wọ́n wò mí bí ẹni tó bi wọ́n bóyá omi máa ń tutù.
“Apá ẹni tó kàn án.”

Mo ní kí wọ́n na apá.
Wọ́n nà án bí ẹyẹ odò tó ń sá ìyẹ́ sóòrùn.
Téèpù ní: márùndínlọ́gọ́sàn-án.
Mo pín in. Búlọ́ọ̀kù méje gééré, nǹkan kan kò ṣẹ́ kù.
Méje lọ́nà mẹ́fà, méjìlélógójì.
Inú mi dùn débi pé mo fẹ́rẹ̀ẹ́ jábọ́ sómi.

Ìbú rẹ̀ ńkọ́? Ẹsẹ̀ mẹ́fà.
Mo wọn ẹsẹ̀ wọn, láti gìgísẹ̀ dé àtàǹpàkò:
mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n!
Àwọn tó ṣe géèmù yìí, nílùú tí n kò mọ̀,
ṣé wọ́n ti rí ẹsẹ̀ Jinádù rí ni?

Ṣùgbọ́n pákó rẹ̀ kò nípọn ju ìka méjì lọ.
Búlọ́ọ̀kù kò mọ ohun tó fẹ́lẹ́ bẹ́ẹ̀.
Ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀ mi wá nípọn bí ògiri,
inú rẹ̀ há, àwọ̀n kò ríbi sùn.

Ẹ̀gbẹ́ òsì nìkan ni mo wọ̀n.
Mo ní kí géèmù ṣe ọ̀tún bí òjìji inú dígí.
Mo gbé e sójú omi, mo di àwọ̀n lé e,
ó fì sọ́tùn-ún, ó rì.
Bàbá rẹ́rìn-ín títí ikọ́ fi dé.
“Ta ló sọ fún ọ pé ìbejì ni wọ́n?
Ọ̀tún ni mo ti ń fa àwọ̀n.
Mo fi ìbú àtẹ́lẹwọ́ kan kún ikùn rẹ̀ níbẹ̀,
kí omi má baà mọ ìgbà tí mo bá wúwo.”

Ìbú àtẹ́lẹwọ́: mẹ́wàá. Kò tó ìdajì búlọ́ọ̀kù.
Tí mo bá fi odidi kún un, ó pọ̀ jù.
Tí mo bá fi sílẹ̀, Bàbá á mumi.

Ní ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́bọ̀, mo na téèpù sórí ọkọ̀ fúnra rẹ̀,
kí n kàn fi dá ara mi lójú.
Mítà mọ́kànlá.
Mo tún un wọ̀n. Mítà mọ́kànlá.
Mẹ́rìnlélógójì, kì í ṣe méjìlélógójì.

“Bàbá, téèpù Mùkáílà ń purọ́.”
Wọ́n gbé apá ọ̀tún sókè. Ó dé èjìká, ó dúró.
“Kì í ṣe téèpù,” ni wọ́n wí,
wọ́n sì rọra sọ apá náà kalẹ̀ sórí itan,
bí ẹni gbé nǹkan oníǹkan.

Jímọ̀ ti kọjá. Ẹja ti jinná.
Búlọ́ọ̀kù méjì ṣì wà lọ́wọ́ mi nínú géèmù,
n kò tíì mọ ibi tí màá kàn wọ́n mọ́.